Ohun tí Oògùn Jẹjẹrẹ Ń Wá nínú Ara

Ìlú Sókótó, orílé àwọn Sultan, ìlú tí Muhammad Bello ọmọ Ṣéhù Usman Dan Fodio tẹ̀dó ní ọdún 1809, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní àdúgbò Gawon Nama tí a fi orúkọ Ṣéhù náà sọ, èyí tí í ṣe ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tí a ní ní gbogbo Nàìjíríà níbi tí a ti ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí náà ni àwọn aláìsàn fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti Kebbi àti Zamfara, láti àwọn abúlé etí odò Rima, àti láti òkè ààlà ní ilẹ̀ Niger, tí àwọn Yorùbá tí òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé dé ìhà ibẹ̀ kò sì gbẹ́yìn láàárín wọn.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti aláìsàn jẹjẹrẹ rí yóò mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ọ̀wọ̀ tí ó yẹ dókítà bò ó mọ́lẹ̀: bí oògùn tí ẹ ń fà sí mi lára yìí bá mọ ibi tí jẹjẹrẹ wà, kí ló dé tí ó fi ń gbọn irun orí mi dànù, tí ó ń dá egbò sí mi lẹ́nu, tí ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ mi fà sẹ́yìn? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń kú láìrí ẹni dá wọn lóhùn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ìdáhùn náà kò ṣòro í sọ. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí kò mọ jẹjẹrẹ rárá; DNA ni wọ́n mọ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di ara wa, bí a bá yọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn sílẹ̀, ni fọ́nrán méjì méjì wà tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé, bí a bá tú gbogbo èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí a sì tò ó sórí ìlà, gígùn rẹ̀ yóò tó mítà méjì. Ara fọ́nrán wọ̀nyí ni a kọ àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé sí, èyí tí ojú fi ń jẹ́ ojú, tí ẹ̀dọ̀ fi ń jẹ́ ẹ̀dọ̀, tí ọmọ fi ń jọ baba. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a sì fi kọ gbogbo rẹ̀, A, T, G àti C, ìkékúrú orúkọ adenine, thymine, guanine àti cytosine. A kì í bá ẹlòmíràn so pọ̀ bí kò ṣe T, G kì í sì í bá ẹlòmíràn so pọ̀ bí kò ṣe C, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ka fọ́nrán kan ti ka èkejì. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n fi ìrísí rẹ̀ han aráyé ní ọdún 1953, wọn kì bá sì ti rí i bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe ti àwòrán ìtànṣán tí a yà ní yàrá iṣẹ́ Rosalind Franklin ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Jẹjẹrẹ ibi ẹyin obìnrin ni ó pa akọni obìnrin yìí ní ọdún 1958, ní ẹni ọdún 37. Ogún ọdún géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan fún irú jẹjẹrẹ náà, oògùn tí ń pa á nípa dídi DNA yìí gan-an mú. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kí oògùn tó lè di nǹkan mú, ó ní láti rí ibi tí yóò gbá mú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, DNA sì ní ọ̀nà mẹ́ta tí ó gbà lanu. Èkíní, ẹ̀yìn fọ́nrán rẹ̀ kún fún irú agbára iná mànàmáná tí a ń fi àmì ìyọkúrò sí lára bátìrì, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá ní ti àmì ìròpọ̀ lára yóò máa fà mọ́ ọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Èkejì, bí fọ́nrán méjèèjì ti ń lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ń fi ihò gbọọrọ méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan há, etí àwọn lẹ́tà sì yọ síta nínú ihò méjèèjì fún ẹni tí ó bá lè kà á. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn lẹ́tà náà pẹlẹbẹ, wọ́n sì tò lé ara wọn, ààyè tín-ín-rín sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Gbogbo oògùn tí a óò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n ń gbà wọlé, tàbí kí wọ́n pa méjì pọ̀.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tí ó ti òkèèrè wá. Ti ara wa ni, tí lẹ́tà kan níhìn-ín, lẹ́tà kan lọ́hùn-ún ti ṣì lára DNA rẹ̀, tí ó gbàgbé àṣẹ pé kí ó dúró, tí ó wá ń pín sí méjì, méjì sí mẹ́rin, láìsinmi. Ibi tí agbára rẹ̀ wà yìí náà ni àìlera rẹ̀ wà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ pín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú fọ́nrán méjèèjì kí ó sì da gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tí ó bá sì fi nǹkan dí ojú ọ̀nà ìdàkọ náà ti mú un.

Oògùn tí mo ní mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀ ni cisplatin. Kò sí ẹni tí ó ń wá oògùn jẹjẹrẹ lọ́jọ́ tí a rí i. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1965, ọ̀gbẹ́ni Barnett Rosenberg ń fẹ́ mọ ohun tí iná mànàmáná yóò ṣe fún kòkòrò àìfojúrí tí ń pín, ó sì lo irin plátínọ́ọ̀mù láti gbé iná náà wọ inú omi tí wọ́n wà, nítorí pé plátínọ́ọ̀mù ni gbogbo ayé gbà pé kì í bá ohunkóhun jà. Ohun ìyanu ni ó rí: àwọn kòkòrò náà kọ̀, wọn kò pín mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kú, wọ́n ń gùn ni, títí àwọn kan fi gùn tó ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún gígùn wọn àtẹ̀yìnwá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé iná kọ́ ni ó ṣe é. Ìwọ̀nba plátínọ́ọ̀mù tí ó yọ́ sínú omi náà ni, tí ó bá ammonia àti chlorine inú rẹ̀ ṣọ̀kan, tí ó sì di èròjà kan tí Michele Peyrone ará Ítálì ti pò pọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1844 láìmọ ohun tí a lè fi í ṣe. Ní 1978 ni a fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ kórópọ̀n ọkùnrin àti ti ibi ẹyin obìnrin. Ọ̀dọ́kùnrin tí jẹjẹrẹ kórópọ̀n rẹ̀ ti tàn ká ara, tí a máa ń kà mọ́ òkú tẹ́lẹ̀, ti di ẹni tí a lè retí pé yóò yè.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kínníkínní, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Átọ́ọ̀mù plátínọ́ọ̀mù kan ni ó wà láàárín, ammonia méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, chlorine méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá to àwọn chlorine yìí ní ìdojúkọ ara wọn dípò kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èròjà kan náà ni, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n kò níí wo ẹnikẹ́ni sàn. Nínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí iyọ̀ ti pọ̀, àwọn chlorine náà kì í kúrò lára rẹ̀, oògùn náà sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí iyọ̀ ti ṣọ̀wọ́n, omi a gba ipò chlorine, plátínọ́ọ̀mù a sì gbé àmì ìròpọ̀ wọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀yìn DNA tí ó ní àmì ìyọkúrò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í gbá ibikíbi mú. Igun kan lára lẹ́tà G ni ó ń wá, èyí tí ó yọ síta nínú ihò tí ó fẹ̀. Ó di ìyẹn mú ní ọwọ́ kan, bí G mìíràn bá sì tẹ̀ lé e lórí fọ́nrán kan náà, ó fi ọwọ́ kejì di ìyẹn mú pẹ̀lú. G méjì tí ó yẹ kí wọ́n dúró ní ọgbọọgba wá di ohun tí a fà mọ́ra wọn, fọ́nrán DNA sì tẹ̀ kọdọrọ níbẹ̀. Ní ọdún 1995 ni àwọn tí ń bá Stephen Lippard ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ìtànṣán ya àwòrán ìtẹ̀kọrọ náà, tí a fojú rí ohun tí a ti ń rò lọ́kàn láti ọdún pípẹ́. Ibi tí ó tẹ̀ yìí ni àwọn purotéènì kan máa ń wá há sí, tí wọn kò sì níí jẹ́ kí àwọn purotéènì tí ń tún DNA ṣe ráyè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìdàkọ ti sẹ́ẹ̀lì bá a, ó dúró. Sẹ́ẹ̀lì náà ka ìbàjẹ́ ara rẹ̀, nígbà tí ó sì rí i pé ó ti kọjá àtúnṣe, ó pa ara rẹ̀.

Ohun tí mo sọ nípa iyọ̀ yìí, ẹni tí ó bá wọ wọ́ọ̀dù yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń po cisplatin mọ́ kí wọ́n tó gbé e kọ́, nítorí pé iyọ̀ inú omi náà ni kò níí jẹ́ kí chlorine já kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún ń fa omi iyọ̀ mìíràn sí aláìsàn lára, ìgò kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí kíndìnrín tí oògùn yìí lè bà jẹ́, nọ́ọ̀sì a sì máa wọn ìtọ̀ tí ó tọ̀ sínú ike kí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde bá ara wọn mu. Àwọn ẹbí tí wọ́n rò pé omi lásán ni wọ́n ń fi ṣòfò, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dín owó rẹ̀ kù, kò mọ̀ pé kíndìnrín ẹni wọn ni omi náà ń ṣọ́.

Oògùn mìíràn tí ń jẹ́ doxorubicin ní ìwà tirẹ̀. Inú erùpẹ̀ ìtòsí ààfin àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Castel del Monte, ní ìhà gúúsù Ítálì, ni a ti rí kòkòrò àìfojúrí tí ó kọ́kọ́ pèsè ìdílé oògùn yìí. Pupa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti zóbò tí a ń tà nínú ike lójú pópó Sókótó, aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú kò sì níí gbàgbé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rọ́bà lọ sí iṣan òun. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fà á, ojú nọ́ọ̀sì kì í sì í kúrò lára abẹ́rẹ́ náà, nítorí pé bí ó bá jò sẹ́yìn iṣan, yóò jẹ ẹran ibẹ̀ di egbò. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí ẹ bá rí ìtọ̀ pupa lónìí tàbí lọ́la," ni nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ yóò sọ kí ó tó sí i sílẹ̀, "oògùn ni ẹ ń tọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀." Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, gbólóhùn kan ṣoṣo yìí sì ti gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ òru àìsùn.

Ọ̀nà kẹta ni oògùn pupa yìí ń gbà wọlé, èyí tí í ṣe ààyè tín-ín-rín tí ó wà láàárín àwọn lẹ́tà. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì yọ́ wọ àárín ìpele lẹ́tà kan àti èkejì, pàápàá níbi tí G àti C bá wà, tí ààyè tí ó wà láàárín wọn yóò fi di ìlọ́po méjì, tí fọ́nrán méjèèjì yóò sì tú díẹ̀ kúrò nínú lílọ́ wọn. Ìrù kan wà lára rẹ̀, ṣúgà kan tí ó ní àmì ìròpọ̀, tí ó ń nà sínú ihò tí ó há láti fi í dúró gírígírí. Ó tún ní ìkà kejì. Purotéènì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé DNA tí ó bá ta kókó, kí ó tú kókó náà, kí ó sì tún un so. Doxorubicin a jẹ́ kí ó gé, kò sì níí jẹ́ kí ó so. Àwọn ojú ibi tí a gé tí a kò so yìí ni sẹ́ẹ̀lì ń tìtorí wọn kú. Ọkàn pẹ̀lú máa ń jìyà lọ́wọ́ oògùn náà, ìdí rẹ̀ nìyí tí dókítà fi ń ro gbogbo ìwọ̀n tí ènìyàn ti gbà pọ̀ láti ọjọ́ kìíní, tí ó sì ní òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá láyé ẹni.

Wàyí o, DNA ènìyàn ní lẹ́tà bíi bílíọ̀nù mẹ́ta. Oògùn tí ó ń wá G méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn yóò rí wọn ní àìmọye ibi, nínú jẹjẹrẹ àti nínú ara tí ó dá pé. Bí a bá fẹ́ kí oògùn kan ka DNA dé ibi kan ṣoṣo tí kò ní ẹgbẹ́ nínú gbogbo ara, ó ní láti lè ka lẹ́tà bíi mẹ́rìndínlógún léraléra; àwọn tí a ń lò ní wọ́ọ̀dù, méjì sí mẹ́ta ni wọ́n lè kà. Àwọn baba wa ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ohun tí oògùn ń wá nínú jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti àpò ìtọ̀, ó wà nídìí irun, ó wà nínú mùdùnmúdùn tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó wà lára awọ inú ẹnu àti ìfun, gbogbo wọn sì ni sẹ́ẹ̀lì wọn ń yára pín bíi ti jẹjẹrẹ. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sí àárín wọn ni pé sẹ́ẹ̀lì tí ó dá pé mọ bí a ti í dúró tún DNA rẹ̀ ṣe, nígbà tí púpọ̀ nínú ti jẹjẹrẹ ti sọ ọgbọ́n àtúnṣe náà nù. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yìí ni gbogbo ìwòsàn rọ̀ mọ́.

Ìran àwọn oògùn wọ̀nyí kò sì mọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ara májèlé ogun tí wọ́n ń pè ní mustard ni àkọ́kọ́ wọn ti wá. Ní 1942 ni Louis Goodman àti Alfred Gilman ní Yale kọ́kọ́ fún aláìsàn ní ẹ̀yà rẹ̀ kan, nítorí pé wọ́n ti rí i pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí ó rọjú jù ú lọ, cyclophosphamide, tí àwọn ará Jámánì ṣe, kì í jà títí ẹ̀dọ̀ fi pa á dà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò na ọwọ́ méjì, tí yóò fi di lẹ́tà G mú lórí fọ́nrán kan àti lórí èkejì, tí wọn kò fi níí lè tú sílẹ̀ fún ìdàkọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ribiribi oògùn yìí. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tí ó wà ní Kampala, kọ̀wé ní 1958 nípa jẹjẹrẹ kan tí ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọdé, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà náà, tí ó ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí òbí fi ń rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Yíyára yìí gan-an ni ó fi lé oògùn lọ́wọ́. Ní UCH ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 1960 sí 1970, ni Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Kamẹrúùnù, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé oògùn nìkan, láìlo ọ̀bẹ, lè yọ́ ìwúlé náà, tí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti wọ́ yóò sì padà máa jẹun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi fi í mọ́ àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa kọ́ orúkọ ọkùnrin yìí ní ilé ìwé.

Ní Sókótó, etí odò ni ìṣòro kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí ń lúwẹ̀ẹ́ ní odò Rima àti nínú àwọn adágún tí a fi ń bomi rin oko máa ń kó àtọ̀sí ajá, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tsargiya, láti ara ìgbín inú omi. Ẹyin aràn tí ń fa àìsàn náà a há sí ara àpò ìtọ̀, a sì máa gún un fún ọdún gbọọrọ, títí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò fi ṣìnà nígbà tí ọmọ bá ti di baba. Ní 2007, I. A. Mungadi àti S. A. Malami kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ àti aràn yìí ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Irú jẹjẹrẹ tí aràn máa ń fà kì í sábà gbọ́ ti cisplatin tó bí irú èyí tí ó pọ̀ ní Yúróòpù, iṣẹ́ abẹ sì ni ó kọ́kọ́ yẹ ẹ́, bí ó bá tètè dé. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti wọ́pọ̀ lára ọmọdé, tí a ti ń fojú ohun tí ń ṣe gbogbo ọmọkùnrin wò ó, àgbàlagbà tí ó bá tún rí i kì í sáré. Praziquantel, oògùn aràn tí kò wọ́n, tí a gbé mì lọ́mọdé, ìbá ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo oògùn tí mo ti ń kà sílẹ̀ láti òkè wá.

Àwọn onímọ̀ kò sì tíì sinmi. Peter Dervan ní Caltech ti ṣe àwọn èròjà tí ń wọ ihò DNA tí ó há, tí wọ́n sì ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a bá ti pa á láṣẹ fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ náà ṣì pọ̀ sí ju wọ́ọ̀dù lọ. Ní báyìí ná, àkókò ni dókítà fi ń ṣe ohun tí oògùn kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Bí a bá fa oògùn lónìí, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá, mùdùnmúdùn tí ó dá pé yóò sì ti tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kọkànlélógún, tí jẹjẹrẹ kò sì tíì rí tirẹ̀ tún ṣe tán. Ìgbà náà ni a óò tún fa òmíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá padà wá, tí wọ́n sì ń sọ nígbà mìíràn fún ẹni tí ó ti wọkọ̀ láti Gusau ní òru pé, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín kò tíì gòkè tó, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀." Bí ibà bá mú un láàárín àwọn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ yẹn, kí ó má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, kí ó má sì ya ilé oníkẹ́míìsì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lóru ọjọ́ náà gan-an.